Kì í Ṣe Ẹja Ni Amọ̀nà Ń Tà: Ìrìn-àjò Ẹja Pípa Lórí Adágún Gẹ́gẹ́ Bí Òwò

Bí ẹnikẹ́ni nínú wa bá fẹ́ ẹja ní apá gúúsù Lọ́ńdọ̀nù yìí, Rye Lane ní Peckham ni yóò gbà lọ. Yóò nàka sí epíyà tàbí àrọ̀ tó wù ú, wọn yóò wọ̀n ọ́n ní kílò, wọn yóò bá a gé e, yóò sanwó, ó parí. Ẹja tí a bá rà ni a ń jẹ. Nítorí náà, bí a bá gbọ́ pé àwọn kan ń san owó gidi kí ẹnìkan lè fi ọkọ̀ gbé wọn lọ sójú adágún láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, kí wọ́n fi ìwọ̀ mú ẹja, kí wọ́n ya fọ́tò pẹ̀lú rẹ̀, kí wọ́n sì dá a padà sínú omi láàyè, ọ̀pọ̀ wa yóò rẹ́rìn-ín. A ó béèrè pé, ṣé orí wọn pé?

Orí wọn pé, ẹ̀yin ọmọ ìlú wa. Òwò tó ń bọ́ ìdílé ni, tó sì ń bọ́ odidi ìlú láwọn ibi kan. Ìdí tí mo fi mú un wá sójúewé òwò wa lẹ́ẹ̀kan yìí ni pé àbá kan ti ń lọ láti ẹnu dé ẹnu láàárín àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ní Stockwell àti Peckham: ṣé a kò lè dá owó jọ, kí a ra ọkọ̀ ojú omi kan àti ẹ́ńjìnnì rẹ̀, kí a kó o sínú kọ̀ntẹ́nà lọ sí adágún Ìkẹ̀rẹ̀ Gorge nílé, kí a máa gbé àwọn àlejò lọ pẹja? Owó tí àwọn ènìyàn fi iṣẹ́ òru kó jọ ni à ń sọ yìí. Ó yẹ kí a wo ọ̀rọ̀ náà tinú tẹ̀yìn kí ẹnikẹ́ni tó yọ owó sílẹ̀.

Kí n má fi ìdáhùn mi pa mọ́: ó lè di òwò, ṣùgbọ́n ọkọ̀ kọ́ ni ohun tó yẹ kí a kọ́kọ́ náwó lé lórí. Ènìyàn ni.

Kí ni amọ̀nà ń tà gan-an?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ lọ sí Amẹ́ríkà, níbi tí òwò yìí ti gbilẹ̀ gan-an. Ẹja méjì tí àwọn oníbàárà ń wá púpọ̀ lórí adágún tí omi rẹ̀ kò níyọ̀ ni bass àti crappie. Bass tí à ń wí yìí kì í ṣe bass inú òkun tí ẹ máa ń rí lórí yìnyín ní Rye Lane. Ìdílé wọn yàtọ̀. Èyí tí wọ́n ń pè ní largemouth bass jẹ́ ẹja ẹlẹ́nu gbàgàdà tó ń pa ẹja mìíràn jẹ, ó sì máa ń jà fitafita bí ìwọ̀ bá ti kọ́ ọ lẹ́nu. Crappie kéré jù ú lọ, ó fẹ̀ pẹrẹsẹ bí epíyà, ẹran rẹ̀ funfun, ó sì dùn ní dídín. Ní ṣókí, ọ̀pọ̀ ń wá bass nítorí ìjà rẹ̀, wọ́n sì ń wá crappie nítorí oúnjẹ.

Amọ̀nà ló máa ń ni ọkọ̀, ọ̀pá ìwọ̀, ìdẹ, àti ẹ̀rọ tó ń fi ibi tí ẹja wà lábẹ́ omi hàn. Àlejò kan tàbí méjì ló sábà máa ń gbé. Ààbọ̀ ọjọ́ tàbí odidi ọjọ́ ló ń tà. Yálà ẹja mú, yálà ẹja kò mú, owó ọjọ́ náà ti di tirẹ̀. Kì í sì í ṣe ẹnikẹ́ni tó bá ti ní ọkọ̀ ló lè ṣe é. Ní ìpínlẹ̀ Texas, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ń gbé ní Houston àti Dallas, amọ̀nà gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ amọ̀nà, èyí tó yàtọ̀ sí ìwé àṣẹ apẹja lásán. Bí omi náà bá wà lára àwọn tí ìjọba àpapọ̀ kà sí ojú ọ̀nà ọkọ̀, ó tún gbọ́dọ̀ ní ìwé ẹ̀rí atukọ̀ láti ọ̀dọ̀ àwọn Ẹ̀ṣọ́ Etíkun.

Kí wá ni àlejò ń sanwó fún? Ó lè yá ọkọ̀ fúnra rẹ̀. Ó lè ra ọ̀pá ìwọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Ohun tí kò sí ní ṣọ́ọ̀bù ni ìmọ̀ omi. Amọ̀nà mọ̀ pé nígbà ìrúwé, crappie máa ń súnmọ́ etí omi láti yé ẹyin, àti pé bí ooru bá dé, wọn a kó ara wọn jọ sínú ibú, níbi tí igi rì sí. Ó mọ̀ pé bass máa ń fara pamọ́ sí ẹ̀gbẹ́ igi òkú láti dènà de ẹja kékeré. Àwọn amọ̀nà mìíràn a máa gé ẹ̀ka igi, wọn a dè é mọ́ ohun wúwo, wọn a rì í sínú omi kí crappie lè sọ ibẹ̀ dilé, wọn a sì fi ibi tí wọ́n rì í sí ṣe àṣírí. Ọjọ́ kan péré ni àlejò ní. Amọ̀nà ti lè lo ogún ọdún lórí omi náà. Ogún ọdún yẹn ló ń gé tà ní ọjọ́ kọ̀ọ̀kan.

Ẹja tí a kò pa

Adágún kan wà ní Texas tí wọ́n ń pè ní Lake Fork. Àjọ tó ń bójú tó odò Sabine ló ṣe dáàmù rẹ̀ nítorí omi, kì í ṣe nítorí eré. Ọdún 1980 ni omi bẹ̀rẹ̀ sí kún un. Àwọn tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ẹja ní ìpínlẹ̀ náà ti tọ́ bass síbẹ̀ kí ó tó kún, wọ́n sì ṣe òfin pé ẹni tó bá mú bass tó gùn tó ìǹṣì 16 sí 24 gbọ́dọ̀ dá a padà sínú omi.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 1986, amọ̀nà kan tó ń jẹ́ Mark Stevenson mú bass kan níbẹ̀ tó wọn pọ́n-ùn 17.67, ìyẹn nǹkan bí kílò mẹ́jọ. Kò sí ẹni tó tíì mú èyí tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ rí ní ìpínlẹ̀ náà. Kò pa á. Ó fi í lé ìjọba lọ́wọ́, òun ló sì di ẹja àkọ́kọ́ nínú ètò tí wọ́n ń pè ní ShareLunker, níbi tí àwọn apẹja ti ń yá ìjọba ní abo bass ńlá kí wọ́n fi bí ọmọ. Wọ́n sọ ẹja náà ní Ethel, wọ́n sì gbé e lọ sí ilé ìtajà Bass Pro Shops ní Missouri, níbi tí àwọn ènìyàn ti ń wá wò ó fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní oṣù kìíní ọdún 1992, Barry St. Clair wà lórí adágún kan náà, ó ń fi ẹja wẹ́wẹ́ wá crappie jẹ́jẹ́ rẹ̀, ni bass tó wọn pọ́n-ùn 18.18 bá gbé ìdẹ rẹ̀ mì. Ìyẹn ló gba ipò lọ́wọ́ Ethel.

Ẹ jẹ́ ká fi ojú akáǹtà wò ó. Ẹja kílò mẹ́jọ tí a bá gbé lọ sọ́jà, ẹ̀ẹ̀kan ni a ó tà á. Ethel tí wọn kò pa mú kí òkìkí Lake Fork kàn káàkiri Amẹ́ríkà. Ẹni tó gbọ́ òkìkí náà wá san owó amọ̀nà, owó ilé ìtura, owó oúnjẹ àti owó epo. Ẹja tí a dá padà, a lè tún un tà lọ́la.

Ṣùgbọ́n kí a má ṣe gbé òwe Texas lọ pa fún apẹja nílé láìtún un ṣe. Eré ni ẹja jẹ́ fún àlejò. Fún ẹni tó ń gbé etí omi, ọbẹ̀ ni, owó ilé ìwé ọmọ sì ni. A kò lè dé bá a kí a ní kó máa da ẹja nù. Ohun tí a lè ṣe ni kí ọjọ́ tó bá gbé àlejò wọlé fún un ju ọjọ́ tó bá da àwọ̀n lọ. Bí ìyẹn bá rí bẹ́ẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ni yóò máa ṣọ́ ẹja ńlá.

Adágún tiwa ńkọ́?

Àwọn kan lè sọ pé oyinbo nìkan ló ń ṣe irú eré yìí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní Íjíbítì, dáàmù Aswan tí wọ́n parí ní 1970 ló dá adágún Nasser sílẹ̀. Lónìí àwọn àlejò ń wá láti Yúróòpù láti gun ọkọ̀ pẹ̀lú àwọn amọ̀nà, kí wọ́n wá Nile perch, ẹja ńlá tí àwọn Hausa ń pè ní giwan ruwa, erin omi. Ní oṣù kejìlá ọdún 2000, wọ́n fi ọ̀pá ìwọ̀ mú ọ̀kan níbẹ̀ tó wọn pọ́n-ùn 230. Ẹja yìí kan náà wà nínú odò Ọya.

Ní Nàìjíríà fúnra rẹ̀, ayẹyẹ ẹja pípa ti Argungu ní ìpínlẹ̀ Kebbi ti wà láti 1934, UNESCO sì fi í sínú àkójọ àwọn ogún àṣà àgbáyé ní 2016. Ohun kan wà níbẹ̀ tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn: wọ́n máa ń ti apá odò tí wọ́n ti ń pẹja náà pa, ẹnikẹ́ni kì í pẹja níbẹ̀ títí ọjọ́ ayẹyẹ yóò fi pé. Àwọn baba wọn ti mọ̀ pé ẹja tí a kò pa lónìí ló ń pe àlejò lọ́la.

Lọ́dọ̀ wa, odò Ògùn ni wọ́n dí láti ṣe adágún Ìkẹ̀rẹ̀ Gorge, tí kò jìnnà sí Ìsẹ́yìn, tó sì kan ààlà Ọgbà Ẹranko Àpapọ̀ Ọ̀yọ́-Ilé. Àwọn ọdún 1980 ni iṣẹ́ dáàmù náà bẹ̀rẹ̀. Mítà omi onígun mẹ́ta tó tó mílíọ̀nù 690 ni wọ́n ní kó lè gbà. Wọ́n ṣètò pé yóò máa mú iná mànàmáná wá, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọdún ló kọjá tí kò fi tan gílóòbù kan. Ní ìpínlẹ̀ Ògùn, adágún Ọ̀yán tó fẹ̀ tó nǹkan bí 40 kìlómítà níbùú lóròó wà, èyí tí Ààrẹ Shehu Shagari ṣí ní oṣù kẹta ọdún 1983. Àjọ Ìdàgbàsókè Agbègbè Odò Ògùn àti Ọ̀ṣun, tí olú-iléeṣẹ́ rẹ̀ wà ní Abẹ́òkúta, ló ń bójú tó méjèèjì. Omi wà, igi òkú wà lábẹ́ rẹ̀ bíi ti Lake Fork, epíyà, àrọ̀ àti ọ̀bọ̀kún sì wà níbẹ̀. Ẹni tó bá rò pé àrọ̀ ńlá lórí okùn tín-ínrín kì í ṣe ìjà, kó lọ gbìyànjú rẹ̀ wò.

Ìmọ̀ náà ti wà nílé

Ẹ rántí ẹ̀ka igi tí àwọn amọ̀nà Texas ń rì fún crappie. Lórí adágún Nokoué ní ilẹ̀ Benin, nítòsí Ganvié, ìlú orí omi, àwọn apẹja ti ń ri ẹ̀ka igi mọ́ ìsàlẹ̀ omi tipẹ́tipẹ́ kí ẹja lè sá síbẹ̀, kó jẹun, kó sì pọ̀ sí i. Acadja ni wọ́n ń pè é. Ọgbọ́n kan náà ni. Ganvié náà sì ń gba owó lọ́wọ́ àwọn àlejò tí wọ́n ń fi ọkọ̀ ọlọ́pọ́n gbé láti Abomey-Calavi wá wo ìlú.

Apẹja tó ti ń da àwọ̀n lórí adágún wa láti kékeré mọ ibi tí àkọ́kọ́ igi rì sí. Ó mọ oṣù tí epíyà ń gbẹ́ ìtẹ́ sí etí iyanrìn. Ó mọ ibi tí afẹ́fẹ́ ọ̀sán ti ń da ọkọ̀ dé. Ó mọ bí omi ṣe ń fà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, àti apá ibi tí kùkùté yóò ti yọ jáde láti fọ́ ẹ́ńjìnnì àjèjì. Bí a bá ní kí akọ̀wé Lọ́ńdọ̀nù kan ya àwòrán ilẹ̀ tó lè fi gbogbo èyí hàn, owó tí yóò bèèrè yóò pọ̀ ju ọkọ̀ tí a fẹ́ rà lọ.

Nítorí náà ni mo fi ní ènìyàn ni a ó kọ́kọ́ náwó lé lórí. Kí a wá amọ̀nà méjì, kì í ṣe ẹyọ kan, kí ìmọ̀ òwò wa má bàa wà lọ́wọ́ ẹnìkan ṣoṣo. Kí a san owó oṣù fún wọn, ì báà wá àlejò, ì báà má wá. Kí a fi wọ́n kọ́ ìtọ́jú pàjáwìrì, bí a ti ń fi ọ̀pá ìwọ̀ àti ẹ̀rọ kẹ́kẹ́ rẹ̀ pẹja, bí a ti ń tú ìwọ̀ lẹ́nu ẹja láìpa á, àti bí a ti ń bá àlejò sọ̀rọ̀. Apẹja tó mọ àwọ̀n kò ní ṣàì mọ èyí láàárín oṣù díẹ̀. Ẹni tó mọ ọkọ̀ wà ní Lọ́ńdọ̀nù, tí kò mọ adágún náà, yóò pẹ́ kó tó mọ̀ ọ́n.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò

Àwọn iye tó wà nísàlẹ̀ yìí jẹ́ àpẹẹrẹ tí mo gbé kalẹ̀ kí a lè rí bí ìṣirò ṣe ń lọ; ẹni tó bá ti bèèrè iye ọjà nílé kó fi tirẹ̀ rọ́pò.

Ká ní ọkọ̀ fáíbà, ẹ́ńjìnnì, ọ̀pá ìwọ̀ àti ẹ̀wù tó ń mú ènìyàn léfòó gba £5,000, tí a sì retí pé wọn yóò lò fún ọdún márùn-ún. Owó tí yóò jáde lọ́dọọdún, bí àlejò kan kò bá tilẹ̀ wá, nìyí:

Ìdínkù iye ọkọ̀ àti irinṣẹ́: £1,000
Owó oṣù àwọn amọ̀nà: £1,200
Ẹni tó ń ṣọ́ ọkọ̀: £600
Ìnṣọ́ránsì: £500
Àtúnṣe: £400
Ìwé àṣẹ àti ẹ̀tọ́ ìlú: £300
Àpapọ̀: £4,000

Ká tún ní àlejò méjì ń san £120 fún ọkọ̀ kan ní odidi ọjọ́ kan. Nínú rẹ̀, epo gba £20, oúnjẹ gba £15, àjẹmọ́nú amọ̀nà ní ọjọ́ yẹn gba £15, ìpín ẹgbẹ́ àwọn apẹja gba £10. Ó ku £60. Kí £60 yìí tó lè kó £4,000 náà tán, a gbọ́dọ̀ ta ọjọ́ 67 láàárín ọdún. Ọjọ́ 67 nìkan ni kò ní sí èrè, kò ní sí àdánù. Bí a bá ta 90, èrè jẹ́ £1,400. Bí a bá ta 40, a pàdánù £1,600.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti le rèé. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń gbé àbá yìí kiri ń ro àwa tí a ń lọ ilé ní Kérésìmesì. Bí a bá tilẹ̀ gba ọkọ̀ náà lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko, ọjọ́ 21 ni. Ìyẹn yóò mú £1,260 wá, àdánù yóò sì jẹ́ £2,740. Òwò tó bá gbẹ́kẹ̀ lé oṣù kejìlá nìkan yóò kú kó tó di oṣù kẹta. Àwọn oníbàárà tí yóò gbé e dúró ni àwọn tó wà ní Ìbàdàn, Abẹ́òkúta àti Èkó, tí wọ́n ní owó, tí wọ́n ní mọ́tò, tí wọ́n sì ń wá ibi tí wọn yóò mú ẹbí lọ lópin ọ̀sẹ̀. Náírà ni wọn yóò san. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe bá yín ṣírò èrè yìí ní pọ́n-ùn nìkan. Nígbà tí ìjọba jẹ́ kí náírà wá ipò ara rẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún 2023, dọ́là kan tó wà ní nǹkan bí ₦460 kọjá ₦1,500 ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Ní 2023 yẹn kan náà ni ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo, tí iye epo sì ju ìlọ́po méjì lọ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ẹ́ńjìnnì ń jẹ dọ́là, àlejò ń san náírà: ẹ kọ ìyẹn síbi tí ẹ ti lè máa rí i.

Àwọn ohun tó lè dojú ọkọ̀ dé

Àkọ́kọ́ ni àṣẹ. Omi dáàmù kì í ṣe omi aláìlólúwa. Àjọ tó ni dáàmù, ẹ̀ka tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ẹja ní ìpínlẹ̀, àwọn ọba àti baálẹ̀ etí omi, àti ẹgbẹ́ àwọn apẹja, gbogbo wọn ló ní ẹnu níbẹ̀. Bí a bá wọ inú ọgbà ẹranko, òfin ọgbà náà tún wà. Kí gbogbo àdéhùn wà lórí ìwé, kí ìpín àwọn apẹja sì jẹ́ iye kan lórí ọjọ́ ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n á lè fojú rí nínú ìwé. Ẹja tútù là ń ká. Bó bá gbẹ tán, kò ṣe é ká mọ́. Ìpín tí a kò bá ṣe ní ìbẹ̀rẹ̀ ni yóò di ìjà nígbà tí owó bá dé.

Èkejì ni ààbò. Kò sí àlejò tí yóò gun ọkọ̀ wa láìwọ ẹ̀wù tó ń mú ènìyàn léfòó, bó tilẹ̀ jẹ́ ọba. Ààbò ojú ọ̀nà náà ṣe pàtàkì. Iléeṣẹ́ ìjọba Ìlú Ọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè máa ń tẹ ìmọ̀ràn jáde fún arìnrìn-àjò. Bí wọ́n bá ní kí ènìyàn má lọ sí agbègbè kan, ọ̀pọ̀ ìnṣọ́ránsì ìrìn-àjò kò ní ṣiṣẹ́ fún ẹni tó bá lọ. Kí a máa yẹ ìmọ̀ràn yìí wò kí a tó gba owó àlejò láti ibí.

Ẹ̀kẹta ni àìsàn. Àtọ̀sí ajá, èyí tí kòkòrò inú omi ń fà láti ara ìgbín wẹ́wẹ́, jẹ́ ọ̀rọ̀ gidi lórí àwọn adágún dáàmù. Àwọn onímọ̀ ti ṣe ìwádìí rẹ̀ ní Ọ̀yán, wọ́n sì rí i pé ó pọ̀ lára àwọn ará abúlé etí omi. Ara ni kòkòrò náà ń gbà wọlé bí ènìyàn bá ń wọ́ ẹsẹ̀ nínú omi. Nítorí náà, kí a ṣe èbúté pákó tí àlejò yóò ti wọ ọkọ̀ láìtẹ omi. Oògùn rẹ̀ wà, praziquantel ni. Bí òwò wa bá lè ran ilé ìwòsàn ìlú lọ́wọ́ kí àwọn ọmọ etí omi rí i lò, a ti ṣe ju òwò lọ.

Ẹ̀kẹrin: kí ẹnikẹ́ni má ṣe dá a lábàá pé kí a kó bass wá láti òkèèrè sínú adágún wa. Wọ́n kó o wọ Gúúsù Áfíríkà ní 1928, ó sì pa ọ̀pọ̀ ẹja ìbílẹ̀ wọn jẹ. Nile perch tí wọ́n kó sínú adágún Victoria ní àwọn ọdún 1950 wà lára ohun tó run ọ̀pọ̀lọpọ̀ irú ẹja kéékèèké tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹja tiwa tó wa.

Ẹ̀karùn-ún ni owó ẹgbẹ́. Ẹgbẹ́ tó bá forúkọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹgbẹ́ àánú lọ́dọ̀ Charity Commission kò gbọdọ̀ fi owó àánú tẹ́tẹ́ lórí òwò. Kí àwọn tó bá nífẹ̀ẹ́ sí i dá iléeṣẹ́ tiwọn sílẹ̀ lọ́tọ̀, kí ìwé owó rẹ̀ sì wà lọ́tọ̀. Ẹni tó ń gbé Ìlú Ọba yóò sọ èrè tó bá rí nílé fún HMRC pẹ̀lú. Àdéhùn owó orí tó wà láàárín Ìlú Ọba àti Nàìjíríà láti 1987 ni kì í jẹ́ kí a gba owó orí lẹ́ẹ̀mejì lórí èrè kan.

Ibi tí a ti lè bẹ̀rẹ̀ láti Stockwell

Kó tó di pé ẹnikẹ́ni dá owó, kó kọ́kọ́ mọ ohun tí oníbàárà ń rà. Èyí kò gbówó lórí níbí. Láti Stockwell, ẹsẹ̀ lè gbé ènìyàn dé Eagle Pond ní Clapham Common. Láti Peckham, adágún Burgess Park wà nítòsí. Wọ́n ń fi ìwọ̀ pẹja ní méjèèjì. Ẹ ó rí ọkùnrin tó jókòó láti òwúrọ̀, tó mú ẹja carp tó tóbi ju ọmọ ọwọ́ lọ, tó fi omi rin ín, tó sì dá a padà. Ẹ súnmọ́ ọn, ẹ bi í léèrè ohun tó ń rí níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ mọ òfin. Ẹnikẹ́ni tó bá ti pé ọdún 13 gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ ọ̀pá ìwọ̀ láti ọ̀dọ̀ ìjọba. Láti 2017, ọ̀fẹ́ ni ìwé náà fún àwọn ọmọ ọdún 13 sí 16, àwọn àgbàlagbà sì ń san iye tó dínkù. Ìtanràn ẹni tó bá pẹja láìní i lè tó £2,500. Àṣẹ ẹni tó ni omi tún yàtọ̀ sí èyí, nítorí náà, ẹ bèèrè ohun tí ọgbà náà ń fẹ́. Láàárín ọjọ́ 15 oṣù kẹta sí ọjọ́ 15 oṣù kẹfà, wọn kì í pẹja inú odò tó ń ṣàn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ adágún kò sí lábẹ́ òfin yẹn mọ́ láti 1995. Ẹ má sì ṣe gbé ẹja adágún lọ sílé láìgba àṣẹ ẹni tó ni ín, bó ti wù kí ata ọbẹ̀ ti ṣetán tó.

Ohun tí mo dábàá

Kí a tó ra ohunkóhun, kí ẹni méjì nínú wa tó ń lọ ilé bá àwọn apẹja adágún náà jókòó, kí wọ́n bi wọ́n ní ohun tí wọ́n ń rí ní ọjọ́ kan, àti iye tí wọn yóò gbà láti gbé àlejò dípò àwọ̀n. Lẹ́yìn náà, kí a yá ọkọ̀ wọn, kí a ra ẹ̀wù ìléfòó àti ọ̀pá ìwọ̀ díẹ̀, kí a sì ta ọjọ́ mẹ́wàá péré fún àwọn ènìyàn Ìbàdàn. Ohun tí ìyẹn yóò gbà kéré púpọ̀ sí owó ọkọ̀. Bí ọjọ́ mẹ́wàá bá tà, tí àwọn tó wá sì fẹ́ padà wá, nígbà náà ni kí a pe ìpàdé lórí ọkọ̀ àti kọ̀ntẹ́nà. Bí kò bá tà, a ó ti mọ̀, owó wa yóò sì wà lọ́wọ́ wa.

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọwọ́ àwọn tó ń gbé etí omi gbọ́dọ̀ wà nínú àgbájọ náà láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí ọwọ́ wọn ni ohun tí a fẹ́ tà wà. Ẹni tó bá fẹ́ wo ìṣirò yìí dáadáa, kó mú kálámù rẹ̀ wá sípàdé tó ń bọ̀. Ọlọ́run yóò fi ìbùkún sí iṣẹ́ ọwọ́ wa o.